Ibo ni iṣẹ́ kóòṣì mọ nínú ìwà àwọn ọmọ tí ó ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù?

Olùkọ́ Eré Ìdárayá (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Ìbàdàn. Ní sáà tí ó kọjá, àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ wa gba kóòṣì kan láti ìta pé kí ó máa tọ́ ikọ̀ bọ́ọ̀lù wa sọ́nà, àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 12 sí 15. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kì í lè fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ara wọn lẹ́ẹ̀mẹta láìsọ ọ́ nù ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí ó wu ojú rí báyìí, a sì ti ń borí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa ń nà wá bí wọ́n ṣe fẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn tí ó ń bá ti bọ́ọ̀lù rìn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá ti wọ àpótí pẹ́náritì, tí ẹsẹ̀ alátakò sì sún mọ́ tiwọn, kí wọ́n ṣubú kí wọ́n sì figbe ta. Ó ń kọ́ aṣọ́lé wa pé bí a bá ti ń fi gólì kan ṣíwájú, kí ó di orúnkún mú, kí ó sì dùbúlẹ̀ títí wọn yóò fi gbé omi wọ pápá. Èyí tí ó wá mú mi kọ̀wé ni ti ọmọ wa kan tí rẹfirí bi léèrè bóyá òun ni bọ́ọ̀lù bà gbẹ̀yìn kí ó tó jáde. Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fún alátakò ní kọ́nà, kọ́nà náà kò sì di gólì rárá, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí kóòṣì fi yọ ọmọ náà, tí ó sì bá a wí lójú gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe pásítọ̀ kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ kankan nínú wọn tí ó tún dá rẹfirí lóhùn mọ́.

Mo pe kóòṣì sí kọ̀rọ̀, mo bá a sọ ọ́. Ó dá mi lóhùn pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n gba òun láti kọ́ wọn, pé ilé ni ó yẹ kí wọ́n ti kó ìwà wá. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ń retí ife ẹ̀yẹ, àwọn òbí sì ti pín sí méjì. Ìbéèrè mi ni pé, ibo gan-an ni iṣẹ́ kóòṣì mọ nínú ọ̀rọ̀ ìwà àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe lè bá ẹni tí ó ń borí sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, tí kò fi ní dà bíi pé mo ń ṣe ìlara rẹ̀?

Kóòṣì Ọmọdé (Òṣogbo)

Ẹ kú àníyàn, ọ̀gá olùkọ́. Iṣẹ́ kan náà ni èmi náà ń ṣe, àwọn tí kò tíì pé ọdún 13 ni mo ń kọ́. Òótọ́ ni pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n èwo nínú àwa òbí ni ó jókòó ti ọmọ nílé láti kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe bí wọ́n bá fún un ní pẹ́náritì tí kò tọ́ sí i, tàbí bí ẹnì kan bá gbá a lójúgun tí rẹfirí kò sì rí i? Orí pápá nìkan ni irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé, kóòṣì sì ni àgbàlagbà tí ó wà nítòsí. Bí ó bá dákẹ́, ó ti kọ́ wọn ní nǹkan. Bí ó bá rẹ́rìn-ín sí i, ó ti kọ́ wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo ti rí nínú iṣẹ́ yìí ni pé àwọn ọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ tí kóòṣì ń sọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ sí. Orúkọ mọ́kànlá tí ó kọ sílẹ̀ ni wọ́n ń wò, àti ẹni tí ó yọ, àti ìdí tí ó fi yọ ọ́. Ẹ wo ti ọmọ yín yẹn. Ká ní kóòṣì kò tilẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, yíyọ tí ó yọ ọmọ náà ti tó fún gbogbo ikọ̀ láti mọ ohun tí òtítọ́ lè fà báni. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ojú ọ̀nà kan náà ni ẹ ó tọ̀. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dára jù nínú àwọn tèmi bú rẹfirí nínú eré kan tí wọ́n ti ń fi gólì kan jù wá lọ. Mo yọ ọ́, a sì pàdánù eré náà. Bàbá rẹ̀ bínú sí mi gidigidi, n kò sì dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà n kò tún ní ìdí láti bá ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ̀rọ̀ èébú mọ́.

Ẹni tí ó bá rò pé àwọn ọmọdé nìkan ni irú ọ̀rọ̀ yìí wà fún, kí ó rántí Marcelo Bielsa. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, Leeds United tí ó jẹ́ kóòṣì fún ń bá Aston Villa gbá ní pápá Elland Road, nígbà tí Leeds ń lépa àti gòkè sí Premier League. Jonathan Kodjia ti Villa wà nílẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé wọn yóò ti bọ́ọ̀lù jáde kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n Leeds ń bá eré lọ, Mateusz Klich sì gbá a wọlé. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí pápá. Bielsa dúró létí ìlà, ó ń pariwo mọ́ àwọn tirẹ̀ pé kí wọ́n fún Villa ní gólì tiwọn. Bí eré ṣe tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo Leeds fẹsẹ̀ rọ, àfi Pontus Jansson nìkan tí ó ṣì sáré láti dá Albert Adomah dúró, Adomah sì gbé bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n ta ọ̀mì, 1-1, ọ̀mì yẹn ni ó sì fìdí ìgòkè Sheffield United, tí wọ́n jọ ń du àyè náà, múlẹ̀. Nígbà tí ọdún náà ń lọ, FIFA fún Bielsa àti ikọ̀ rẹ̀ ní àmì ẹ̀yẹ Fair Play, èyí tí wọ́n ń fún àwọn tí ó hùwà rere nínú eré.

Ti Jansson ni ó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn náà. Àgbàlagbà ni, iṣẹ́ oúnjẹ rẹ̀ ni, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò gbà á. Bí kóòṣì kò bá pàṣẹ, n kò rò pé agbábọ́ọ̀lù kan ì bá dá irú rẹ̀ ṣe láàárín ariwo yẹn.

Ní ti ohun tí a lè ṣe pẹ̀lú ọmọdé, mo máa ń yọ ọjọ́ kan sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù láìsí rẹfirí, kí àwọn fúnra wọn máa sọ ẹni tí ó ṣẹ̀. Ariwo máa ń pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, n kò ní tàn yín, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá rí i pé àríyànjiyàn ń jẹ wọ́n lákòókò eré, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í gbà fún ara wọn. Ní ọjọ́ mìíràn, mo a fi fèrè lé ọmọ kan lọ́wọ́, pàápàá èyí tí ẹnu rẹ̀ kì í kúrò lára rẹfirí. Ẹ wá wo bí yóò ṣe máa làágùn.

Afọnfèrè

Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rẹfirí. Ọ̀gá olùkọ́, ẹ bá mi sọ fún kóòṣì yín pé òfin pàápàá ti kàn án báyìí. Láti ọdún 2019 ni òfin ti gbà wá láyè láti fi káàdì yẹ́lò àti káàdì pupa han kóòṣì gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi han agbábọ́ọ̀lù, bí ẹnì kan bá sì ṣẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tí a kò mọ ẹni náà, kóòṣì àgbà tí ó wà níbẹ̀ ni yóò gba káàdì náà. Òfin 12 sọ pé ẹni tí ó bá ṣubú láti tan rẹfirí, tàbí tí ó ṣe bí ẹni tí ó fara pa, káàdì yẹ́lò ni tirẹ̀. Aṣọ́lé tí ó fẹ́ fi àkókò ṣòfò náà, láti sáà 2025 sí 2026, bí ó bá di bọ́ọ̀lù mọ́wọ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ, kọ́nà ni fún alátakò.

Ṣùgbọ́n káàdì kò kọ́ ọmọdé ní púpọ̀. Bí mo bá fọn fèrè pé ọmọ kan ṣẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi, bẹ́ǹṣì ni ó ń wò. Bí kóòṣì bá la ọwọ́ méjèèjì sókè, ọmọ náà a la ọwọ́ sókè. Bí kóòṣì bá juwọ́ sí i pé kí ó padà sí àyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. N kì í ní láti mọ orúkọ ọmọ kankan. Bí mo bá ti gbọ́ ẹnu kóòṣì ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, mo ti mọ bí ọjọ́ náà yóò ṣe rí fún mi.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà o, ẹ má sì bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Àdúgbò ni mo ti gbá bọ́ọ̀lù dàgbà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe eré lásán ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ń ṣe. Ẹbí wọn ń wo ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí àwọn tí ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri bá dé, ikọ̀ tí ó borí ni wọ́n ń wá wò. Bí a bá wá kọ́ ọmọ tiwa ní òtítọ́, tí tẹlòmíràn ń ṣubú tí ó ń gba pẹ́náritì, ta ni wọn yóò mú lọ?

Ẹ sì jẹ́ kí a parí ìtàn Bielsa tí ẹ̀gbọ́n wa kóòṣì bẹ̀rẹ̀. Nínú ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn gólì Klich, Patrick Bamford ti Leeds náà di ojú mú, ó ṣubú bí ẹni tí wọ́n gbá lójú, rẹfirí sì lé Anwar El Ghazi ti Villa jáde. Fídíò fi hàn pé El Ghazi kò gbá a lójú. Wọ́n fagi lé káàdì pupa náà, wọ́n sì dá Bamford dúró fún eré méjì nítorí pé ó tan rẹfirí jẹ. Kóòṣì kan náà, ikọ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà, ikọ̀ yìí ni FIFA sì fún ní àmì ẹ̀yẹ.

Paríparí rẹ̀, òfin wo ni ó ní kí ọmọ yẹn jẹ́wọ́ kọ́nà? Iṣẹ́ rẹfirí ni láti rí i. Ọgbọ́n ni bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó fi ara ṣe bí ẹni tí yóò gbá pẹ́náritì sápá òsì, tí ó wá gbá a sápá ọ̀tún, ṣé ẹlẹ́tàn ni òun náà?

Kóòṣì Ọmọdé (Òṣogbo)

Àbúrò mi, o bi ìbéèrè gidi. Aṣọ́lé mọ̀ pé ẹni tí ó fẹ́ gbá pẹ́náritì yóò gbìyànjú láti tan òun, òun náà sì ń gbìyànjú láti tàn án, ìyẹn gan-an ni eré tí àwọn méjèèjì jọ wá ṣe. Rẹfirí kò bá ẹnikẹ́ni díje. Ẹni tí ó bá tan rẹfirí, ìdájọ́ ni ó jí gbé, alátakò kò sì ní ohunkóhun tí ó lè ṣe láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti kọ́nà, mo gbà fún ọ pé òfin kò fi dandan lé ọmọ náà lórí, n kò sì ní bá ọmọ tí ó dákẹ́ jà. Ṣùgbọ́n wọ́n bi í. Ó yàtọ̀ kí ènìyàn dákẹ́, ó sì yàtọ̀ kí ó parọ́ fún ẹni tí ó bi í léèrè. Kóòṣì tí kò bá fẹ́ yìn ín, kí ó fi í sílẹ̀ kí ó máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ti Bamford, mi ò já ọ níró, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Àṣẹ ìṣẹ́jú kan lè dá gólì kan padà, kò lè fọ ìwà àgbàlagbà mọ́, ìdí sì nìyẹn tí mo fi yan àwọn ọmọdé ní tèmi.

Ìyá Bọ́lájí (Peckham)

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi obìnrin ń gbá bọ́ọ̀lù ní ikọ̀ àdúgbò wa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Láti sáà 2019 sí 2020, ẹni tí ó bá ń bá rẹfirí ṣe gbólóhùn asọ̀ nínú bọ́ọ̀lù àdúgbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò jáde lọ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú eré tí ó bá gba 90 ìṣẹ́jú, ti àwọn ọmọdé sì kéré sí i, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi ènìyàn kan dín gbá títí yóò fi padà. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju káàdì lọ, nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ bá a wí nígbà tí ó bá padà wọlé. Fún àwọn ọmọ kékeré, wọn kì í tilẹ̀ gbé tábìlì líìgì jáde, kí kóòṣì má baà sọ eré wọn di ogun.

Ẹ má rò pé ibí wá di ọ̀run o. Láti ọdún 2008 ni FA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dá ètò Respect sílẹ̀ kí wọ́n lè máa bọ̀wọ̀ fún rẹfirí, àwa òbí ni a sì ń fún wọn ní iṣẹ́ ṣe jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kóòṣì ọmọ mi a pe gbogbo wa jọ, yóò ní a lè pàtẹ́wọ́, a lè kọrin, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá rẹfirí sọ̀rọ̀, kí a má sì máa darí ọmọ láti ẹ̀yìn ìlà.

Ọ̀gá olùkọ́, mo ní ìbéèrè kan fún yín. Kí ni ilé-ẹ̀kọ́ yín kọ sínú ìwé tí wọ́n fi gba kóòṣì náà síṣẹ́? Bí ó bá jẹ́ ife nìkan ni wọ́n ní kí ó mú wá, ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ni ó ń ṣe. Kí ẹ tó lọ bá a jà, ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tí ó gbà á.

Bàbá Eléré Ìje (Abẹ́òkúta)

Eré sísá ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò mọ púpọ̀ nínú bọ́ọ̀lù. Àpẹẹrẹ kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn kóòṣì tí wọ́n wà lẹ́yìn mi. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, nínú eré ìje kan ní Burlada ní ilẹ̀ Spéènì, Abel Mutai ọmọ Kẹ́ńyà ń ṣíwájú, ó rò pé òun ti dé òpin, ó sì dúró kí ó tó dé ìlà. Iván Fernández Anaya, ọmọ Spéènì, ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè kọjá kí ó sì gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró sẹ́yìn Mutai, ó ń fọwọ́ juwe fún un títí Mutai fi kọjá ìlà. Kóòṣì rẹ̀ ni Martín Fiz, ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nínú eré Máráthọ́nì ní 1995. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi Fiz, ó sọ fún wọn pé òun kì bá tí ṣe bẹ́ẹ̀ ní tòun, pé òun ì bá lo àǹfààní náà láti borí.

Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo ìwà rere ni kóòṣì ń fún ọmọ. Àwọn ọmọ kan ń gbé e bọ̀ láti ilé. Ọmọ tí ó jẹ́wọ́ kọ́nà yẹn kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ kóòṣì yín. Fiz kò gbà pẹ̀lú ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ pé ó lé e kúrò.

Ẹ ti ń sọ ti ìṣubú láti ìgbà yìí, kò sí ẹni tí ó mẹ́nu kan ọjọ́ orí, èyí tí ó burú jù lójú tèmi. Ní 1989, FIFA dá Nàìjíríà dúró fún ọdún méjì nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́, nítorí pé ọjọ́ ìbí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kọ sílẹ̀ ní Òlíńpíìkì 1988 kò bá èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ṣáájú mu. Ní 2009, nígbà tí ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé ní ilẹ̀ wa níbí, FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara, wo eegun ọrùn ọwọ́ wọn láti mọ̀ bóyá wọ́n ti ju ọjọ́ orí náà lọ. Kò tán síbẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù Kamẹrúùnù yọ 21 nínú 30 ọmọ tí wọ́n pè fún irú ikọ̀ yìí, nítorí pé wọn kò yege níwájú ẹ̀rọ náà. Ẹ sọ fún mi, ṣé ọmọ ọdún 15 ni ó mọ̀nà kóòtù tí wọ́n ti ń ṣe àfídáfíìtì ọjọ́ orí? Àgbàlagbà kan ni ó mú un lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé kóòṣì ni. Ọmọ tí a kọ́ ní irọ́ yẹn kò lè sinmi irọ́ mọ́, nítorí gbogbo ọdún ni yóò máa tún un pa.

Olùkọ́ Eré Ìdárayá (Ìbàdàn)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Bọ́lájí, mo lọ wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ náà bí ẹ ṣe sọ. Owó oṣù kóòṣì náà kéré, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé wọn yóò máa fi owó kún un fún eré kọ̀ọ̀kan tí a bá borí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa ìwà àwọn ọmọ. Ó wá yé mi pé èmi nìkan ni mo ń bá ọkùnrin náà sọ ọ̀rọ̀ kan, nígbà tí àpò rẹ̀ ń bá a sọ òmíràn. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n da owó ìborí yẹn pọ̀ mọ́ owó oṣù rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ tí ó bá bú rẹfirí tàbí tí ó ṣubú lẹ́tàn yóò jáde, bó ti wù kí ó mọ bọ́ọ̀lù tó. Wọn kò tíì dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n kóòṣì, àwa àti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ni a jọ ń lo pápá, nítorí náà a kò lè yọ odidi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún eré tí kò ní rẹfirí, ṣùgbọ́n ìdajì wákàtí kò ní ṣòro. Ọmọ tí wọ́n yọ yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fún ní fèrè. Bàbá wa Afọnfèrè, ṣé ẹ lè wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí òfin kí ìdíje sáà yìí tó bẹ̀rẹ̀?

Afọnfèrè

Mo lè wá ní ọjọ́ Sátidé èyíkéyìí tí ẹ bá mú, n kò sì ní gba owó, ẹ ṣáà wá ohun tí a ó fi wọkọ̀ padà sílé. Ṣùgbọ́n kóòṣì yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ó jókòó láàárín àwọn ọmọ, kí òun náà sì béèrè ìbéèrè. Bí kò bá lè wá, ẹ jẹ́ kí a sún un sí ọjọ́ tí yóò lè wá.